Pàǹtí Tí Ìyá Mi Fọ̀

Ìyá mi kò ya fọ́tò rí títí tó fi kú. Ẹni tó bá gbé kámẹ́rà sókè níbi tó wà, á kẹ̀yìn sí i, tàbí kó fi ìborùn bojú. A ya fọ́tò mẹ́fà níbi ìgbéyàwó mi. Èjìká rẹ̀ kan ló wà nínú ọ̀kan níbẹ̀, èjìká yẹn náà sì ń sá lọ. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ-ọmọ mi yìí, ẹni tó ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi láàárọ̀ ọjọ́ kan pé, "Àlájà, ẹ wá wo sinimá Màpó àtijọ́," n kò ro nǹkan kan. Mo ń já ewébẹ̀ lọ́wọ́. Mo wo Màpó, mo wo òkè, mo wo àwọn òrùlé páànù tó ti dógùn-ún. Ó yí padà, ó di àgbàlá kan. Èéfín kún ibẹ̀, oòrùn sì ń gba inú èéfín yẹn kọjá bí ẹni pé wọ́n fọwọ́ tò ó. Obìnrin kan jáde láti inú rẹ̀. Ó ga, ó dúdú, ó kọlà, ó ń họra.

Ìyá mi ni.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Mo rẹ́rìn-ín títí ewébẹ̀ fi dà sílẹ̀. Ọmọ-ọmọ mi rò pé nǹkan ti ṣe orí mi, ó fẹ́ gba fóònù rẹ̀ padà, mo ní kó fi sílẹ̀. Mo ní, "Ìyá mi nìyẹn. Ọmọ tó sùn sórí ẹní níbẹ̀ yẹn, èmi ni."

Ó wo fóònù, ó wò mí, ó tún wo fóònù. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, torí ó ti fi sinimá náà ránṣẹ́ sí wọ́ọ̀sáàpù ẹbí láti àná, àwọn ọmọ ilé sì ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ dé ibi tí wọ́n lè ṣe é dé. Ọ̀kan kọ ọ́ pé kí Màmá Ọ̀bùn yìí lọ wẹ̀. Òmíràn bèèrè pé irú ìyá ta nìyí. Wọn kò mọ̀ pé ìyá tó bí ìyá àgbà wọn ni. N kò bínú sí wọn. Ṣùgbọ́n orúkọ yẹn, Ọ̀bùn, mo ti rò pé a sin ín pọ̀ mọ́ ìyá mi ni.

Ọlọ́ṣẹ ni ìyá mi. Ọṣẹ dúdú ló ń sè ní àgbàlá wa ní Bẹ́yẹrúnkà, kí òyìnbó tó kúrò nílẹ̀ yìí. Á sun èèpo kòkó di eérú, á sẹ́ omi rẹ̀, á da àdín sí i, á wá máa rò ó lórí iná láti àárọ̀ títí oòrùn á fi yẹ̀ lórí. Tó bá ń se ọṣẹ, èéfín á kùn ún dúdú, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ á dà bí aṣọ ẹni tó jábọ́ sínú àdògán. Ṣùgbọ́n tó bá ti pa iná, tó wẹ̀ tán, ẹ lè fi ara rẹ̀ wojú. Kì í fọwọ́ kan ọmọ láìfọwọ́. Tí a bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ eléruku, omi ló máa fi kí wa.

Òun ni ìyáálé. Ìyàwó kékeré bàbá mi ń ta aṣọ ní Gbági, ó sì bí ọmọbìnrin kan tí mo fi ọdún méjì jù lọ. Àbúrò mi nìyẹn. Ó ṣì wà láyé, Mọ́lété ló ń gbé báyìí, ẹ máa gbọ́ ohùn rẹ̀ láìpẹ́.

Lọ́jọ́ kan ni wolé-wolé mú òyìnbó kan wá sílé wa. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá wolé-wolé láyé, òun ni ìjọba ń rán láti wo ilé onílé, bóyá àgbàlá mọ́, bóyá tanwíji wà nínú àmù. Èyí tiwa gbọ́ òyìnbó dáadáa, òun ló wá ń ṣe ògbifọ̀. Ó ní ìjọba fẹ́ ṣe sinimá tí yóò kọ́ gbogbo Ìbàdàn ní ìmọ́tótó. Ilé méjì ni yóò wà níbẹ̀, ilé afínjú àti ilé ọ̀bùn. Ọmọ afínjú á máa dán, ọmọ ọ̀bùn á dùbúlẹ̀ àìsàn. Bàbá mi gbà. Ta ló máa sọ fún wolé-wolé pé òun kò gbà?

Wolé-wolé fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ ní ìyá mi ni kó ṣe afínjú, torí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n ládùúgbò. Ṣùgbọ́n ìdí ọṣẹ ni ìyá mi ti jáde wá kí wọn lọ́jọ́ náà. Òyìnbó wo ìyá mi tí èéfín ti kùn, ó wo ìyàwó kékeré nínú àǹkárá tuntun, ó na ìka. Bí ìka yẹn ṣe nà ni gbogbo rẹ̀ ṣe yí padà.

Wolé-wolé bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Ó ní, "Eré lásán ni, Ìyá Ọlọ́ṣẹ. Ta ni kò mọ̀ yín?"

Ká sọ tòótọ́, ìyá mi kò bínú rárá. Inú rẹ̀ dùn. Ó fẹ́ràn eré ju bí mo ṣe mọ̀ lọ. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi ń kọ́ bí ọ̀bùn ṣe ń rìn lọ́nà ọ̀dẹ̀dẹ̀: ìró á ṣí sílẹ̀ lápá kan, gèlè á dà sí etí, á máa fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, á máa họ ibi tí kò yún un. Àwa ọmọdé á ṣubú lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Bàbá mi pàápàá ní kó rọra, kó má baà mọ́ ọn lára.

Ibi tí ó ti ṣòro ni pàǹtí. Òyìnbó dé láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa yà á, ó yí àgbàlá ká, kò rí ìdọ̀tí kan tí kámẹ́rà lè rí. Ìyá mi ti gbálẹ̀ láti ìdájí nítorí àlejò ń bọ̀. Wolé-wolé ní kó wá pàǹtí wá, kó dà á sílẹ̀. Ìyá mi bọ́ sí ìgboro, ó ṣa èèpo ọsàn, ó ṣa èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ṣa ewé ẹ̀kọ tí wọ́n ti lò. Nígbà tó kó wọn délé, ó gbé wọn sínú ọpọ́n, ó sì fọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó dà wọ́n sílẹ̀. Mo rí i bí ó ṣe ń gbọn omi dànù lára ewé ẹ̀kọ. Wolé-wolé dúró, ó di ọwọ́ mú lẹ́yìn, ó ń wò ó. Ìyá mi ní pàǹtí ni wọ́n bèèrè, pàǹtí ni òun kó wá. Pé kí pàǹtí dọ̀tí, ìyẹn kò sí nínú àdéhùn àwọn.

Èmi ni ọmọ aláìsàn. Wọ́n fẹ́ kí eṣinṣin bà mí lójú. Eṣinṣin kò wá, kí ni wọ́n fẹ́ wá ṣe níbi tí omi eérú ti ń lé wọn? Wolé-wolé fi oyin ra mí létí ẹnu. Mo lá a. Ó tún fi ra mí, mo tún lá a. N kò rò pé aláìsàn kan gbádùn tó mi nílẹ̀ yìí.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí ìyá mi fún mi lóúnjẹ láìfọwọ́. Èyí ló dá òyìnbó lágara jù. Ìyá mi á jókòó bí ọ̀bùn, á họra bí ọ̀bùn, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti súnmọ́ ọkà, á kọ́kọ́ yà sínú igbá omi. Wọ́n dá a dúró, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ tún yà síbẹ̀. Wọ́n gbé igbá omi kúrò. Ó jókòó, ó họra, ọwọ́ rẹ̀ lọ wá omi níbi tí kò sí omi mọ́, kò rí i, ó wá nu ìka sí etí ìró rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta, kó tó bu òkèlè fún mi. Ó ti rẹ òyìnbó, ó ní kí wọ́n fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Òyìnbó yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Ó lè dúró pẹ́ títí nítorí oòrùn kan ṣoṣo. Òun ló ní kí wọ́n gbé ìkòkò ọṣẹ súnmọ́ ẹnu ọ̀nà, kí èéfín lè máa kọjá nínú ìmọ́lẹ̀, kí ìyá mi wá jáde láti inú rẹ̀. Nígbà tó jáde, òyìnbó kò mí. Ó rí i pé ìyá mi rẹwà. Mo bi ara mi títí di òní, ẹni tí ojú rẹ̀ là tó bẹ́ẹ̀, tó rí ẹwà láàárín èéfín, báwo ni kò ṣe bèèrè pé kí ló wà nínú ìkòkò?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fi sinimá náà hàn, gbogbo wa gòkè lọ sí Màpó. Ìyá mi wọ aṣọ tó dára jù lọ nínú aṣọ rẹ̀. Ó fẹ́ kí àwọn ènìyàn wo ọ̀bùn lára aṣọ funfun tí wọ́n ta fún sinimá, kí wọ́n wá yíjú wo òun, kí gbogbo wọn jọ rẹ́rìn-ín. Sinimá náà kò ní ohùn. Ohùn kan ṣoṣo tó ní ni ti wolé-wolé, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò tó gbé sinimá wá, tó fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu. Ohun gbogbo ló sọ, àfi pé eré ni. Ó ní omijé ayọ̀ ìmọ́tótó ló wà lójú ọmọ afínjú. Nígbà tí ìyá mi jáde láti inú èéfín, ó ní, "Ẹ wo ìyá yìí. Bẹ́yẹrúnkà níbí ló ń gbé. Ẹ wo èéfín ilé rẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ kí ọmọ yín sùn níbẹ̀?"

Gbogbo òkè dáhùn pé àwọn kò fẹ́. Ìyá mi wà láàárín wọn nínú aṣọ tó dára jù lọ.

Láti ìgbà náà ló ti di Ìyá Ọ̀bùn. Ní Ọjà'ba, àwọn tó ti ń ra ọṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́ á gbé e, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á gbé e padà. Ó lọ bá wolé-wolé. Wolé-wolé ní kó lọ wo àmù káàkiri àdúgbò, gbogbo rẹ̀ ti ní ìdérí, ọmọ á yé ṣàìsàn, ṣé ìyẹn kò dára? Ìyẹn dára. Àmù ní ìdérí lóòótọ́. Ìyá mi padà wálé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọṣẹ rẹ̀ lọ sí Yemẹtù, níbi tí wọn kò ti mọ ojú rẹ̀. Kò tún ṣe eré mọ́, kò sì jẹ́ kí kámẹ́rà kan rí òun mọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ fún ọmọ-ọmọ mi pé kò gbọdọ̀ yọ sinimá náà kúrò níbi tó fi sí. Mo ní kí gbogbo ilé péjọ ní ọjọ́ kejì Iléyá, kí a fi sinimá náà hàn wọ́n lára aṣọ ńlá, èmi ni n ó sì máa sọ̀rọ̀ sí i. Wolé-wolé ti sọ tirẹ̀. Ó ku tèmi.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń kọ́ ohun tí mo máa sọ. Mo ń sọ ọ́ fún ìkòkò, mo ń sọ ọ́ fún àgbò Iléyá. Àgbò gbọ́ ọ dé ìdajì kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ara mi kò balẹ̀, ńṣe ni mo dà bí ìyàwó tí wọ́n fẹ́ sìn lọ sílé ọkọ. Àwọn ọmọ yá ẹ̀rọ lọ́wọ́ ẹni tó ń fi bọ́ọ̀lù han ènìyàn ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀. Wọ́n ta aṣọ funfun sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa àtijọ́, tí ó máa ń ṣókùnkùn kódà lọ́sàn-án gangan. Lẹ́yìn ìrun àṣárì, wọ́n fi máìkì lé mi lọ́wọ́. Àbúrò mi ti dé láti Mọ́lété, ó jókòó níwájú pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

Ẹnu mi yá. Èéfín jáde, mo ní, "Ọṣẹ ló wà nínú ìkòkò yẹn. Ẹni tó ń bọ̀ yìí ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ìyá mi, ìyá gbogbo yín." Mo ní kí ọmọ-ọmọ mi fẹ pàǹtí yẹn tóbi. Ó fẹ̀ ẹ́, omi sì ń kán lára èèpo ọsàn níṣojú gbogbo wọn, ewé ẹ̀kọ ń dán bíi díńgí. Nígbà tí mo sọ pé ìyá mi fọ̀ ọ́, ẹ̀rín bú sílẹ̀ tó jẹ́ pé àwọn tó wà níta sáré wọlé. Mo fi ara mi tó ń lá oyin hàn wọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń nu omijé ẹ̀rín. Òun gan-an ló kọ Màmá Ọ̀bùn yẹn.

Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín wọn ń dùn mọ́ mi, mo fẹ́ òmíràn sí i. Ilé afínjú ló kàn. Ìyàwó kékeré bọ́ sí gbangba nínú àǹkárá rẹ̀, ó sì gbé àbúrò mi sínú ọpọ́n, ó ń wẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Ẹ má jẹ́ kí aṣọ tàn yín. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Omi kò kan ẹsẹ̀ yẹn láti Iléyá tó kọjá." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo tún sọ òmíràn, tí mi ò ní jẹ́ kí wọ́n kọ sínú ìwé. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ó rọrùn púpọ̀. Àwòrán kò lè dá mi lóhùn, máìkì sì wà lọ́wọ́ mi.

Mo wá rí àbúrò mi. Ìmọ́lẹ̀ sinimá wà lójú rẹ̀, gbogbo ilé ń fi ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, òun sì ń wo orí ọ̀pá rẹ̀. Bí ìyá mi ṣe jókòó ní Màpó nìyẹn gẹ́lẹ́. Mo dìde, mo fi máìkì lé e lọ́wọ́.

Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ lé itan. Ó wá ní, "Ẹ dá a padà síbi tí wọ́n ti ń wẹ̀ mí."

Wọ́n dá a padà. Ọmọ kékeré wà nínú ọpọ́n, ó funfun láti orí dé ẹsẹ̀ fún ọṣẹ tó ń hó.

"Ẹ wo bó ṣe ń hó," ni ó wí. "Ọṣẹ òyìnbó ni wọ́n kó fún ìyá mi, wọ́n ní ìyẹn nìkan ni kó lò. Kò hó. Omi kànga wa kò gbà á. Ìyá mi jù ú sẹ́yìn àmù, ó lọ bu ọṣẹ ìyáálé rẹ̀ nídìí ìkòkò. Ọṣẹ Ìyá Ọlọ́ṣẹ ló wà lára mi yẹn. Ó ta mí lójú, ẹ wò ó, mo ń sunkún, wolé-wolé ní ayọ̀ ni."

Ó ní ẹ̀rù wolé-wolé ló kọ́kọ́ ba ìyá òun, torí wọ́n ti kìlọ̀ fún un. Nígbà tí orúkọ ọ̀bùn tàn ká, ojú wá ń tì í. Ìyá òun ní kí òun má sọ ọ́. Lẹ́yìn tó kú, òun kò mọ ibi tí òun ti máa bẹ̀rẹ̀.

Mo jókòó tì í. Ẹ̀yin, gbogbo Màpó ló dìde lọ́jọ́ yẹn láti yin ọmọ tó mọ́ nínú sinimá, ìyá mi ló sì fọ̀ ọ́ mọ́. Ó jókòó láàárín wọn, kò mọ̀. Ó yẹ kí n sunkún. Ẹ̀rín ló gbé mi, irú èyí tí ń mú ènìyàn di ìhà mú, ó sì mú àbúrò mi náà. Nígbà tí mo lè sọ̀rọ̀, mo gba máìkì, mo sọ fún gbogbo ilé pé irọ́ ni mo pa mọ́ ẹsẹ̀ ìyàwó bàbá mi, mo fẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín ni.

Àbúrò mi fẹnu mọ́ mi létí, ṣùgbọ́n máìkì ti gbọ́. Ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹsẹ̀ ìyá mi kò fi bẹ́ẹ̀ mọ́."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí àwọn tún rí ìyá mi. Ibi tó ti ń fún mi lóúnjẹ ni wọ́n fẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni wọ́n dá a padà. Ọwọ́ rẹ̀ á lọ wá omi, kò ní rí i, á nu ìka sí etí ìró, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì ń kà á pọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ Màmá Ọ̀bùn wá dọ̀bálẹ̀ níwájú mi, mo ní kó dìde, kó lọ bá wa gbé ẹran Iléyá wá. Ó gbé e wá. Omi wà, ọṣẹ wà, gbogbo wọn fọwọ́. Mo wá rí i pé kí wọ́n tó mú ẹran, àwọn ọmọdé, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, ń nu ìka sí etí aṣọ Iléyá wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n sì ń wò mí bóyá mo rí i. Àwọn ìyá wọn ń pariwo lé wọn lórí nítorí aṣọ tuntun. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ nù ún.